Ṣé ká kó ilé jọ ni, àbí ká fi í sílẹ̀ létí oko? Ìfiwéra fún àwùjọ àgbẹ̀ tó fẹ́ yan ètò ìgbèríko

Bí wọ́n bá gbé àwòrán abúlé tuntun wá síwájú àwùjọ àgbẹ̀, ohun tí ojú gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ rí ni ọ̀nà tó tọ́ gbọọrọ, ilé tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, àti pápá tó wà láàárín. Ó máa ń wu ni lóòótọ́. Wákàtí ni kì í sí nínú àwòrán náà. Aago mélòó ni àgbẹ̀ máa jí kó tó lè dé oko? Ìṣẹ́jú mélòó ni ọmọ máa fi rìn dé ilé-ẹ̀kọ́? Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ omi máa wà nígbà tí agbaṣẹ́ṣe bá ti kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ? Ní tèmi o, inú ohun méjì yìí ni ìtẹ́lọ́rùn ará abúlé wà jù: ìrìn ojúmọ́ rẹ̀, àti bóyá ó ní ẹnu nínú ọ̀rọ̀. Ẹwà abúlé ń bọ̀ lẹ́yìn wọn, ó sì jìnnà sí wọn díẹ̀.

Àwọn tí mo ní lọ́kàn ni ìgbìmọ̀ abúlé, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àgbẹ̀, àti òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ìṣètò ilẹ̀ tí wọ́n ní kó mú ọ̀kan nínú ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta kí oṣù tó parí. Mi ò ní fún gbogbo ọ̀rọ̀ ní ìwọ̀n kan náà, torí wọn ò dọ́gba.

Ilé tó kórajọ, tàbí ilé lórí oko?

Àwọn tó ń ṣètò ìlú fẹ́ràn abúlé tó kórajọ, wọn ò sì jẹ̀bi. Bí ọgọ́rùn-ún ilé bá wà lójú kan, páìpù omi á kúrú, òpó iná ò ní pọ̀, ilé-ẹ̀kọ́ á rí ọmọ tó tó yàrá kíláàsì, nọ́ọ̀sì kan á sì lè bójú tó gbogbo wọn láìgun alùpùpù káàkiri. Owó tó máa bọ́ sórí ilé kọ̀ọ̀kan á dín kù gan-an. Aládùúgbò tó wà nítòsí sì máa ń gbọ́ igbe ẹni. Fún arúgbó àti ẹni tó ń dá gbé, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ ní ìṣírò tirẹ̀. Bí oko bá jìnnà tó ìrìn wákàtí kan, wákàtí méjì ló ń bá lílọ àti bíbọ̀ lọ lójúmọ́. Bó bá lọ lọ́jọ́ mẹ́fà, wákàtí méjìlá ti lọ nínú ọ̀sẹ̀ kan láìtíì gbé ọkọ́ sókè. Odidi ọjọ́ iṣẹ́ kan nìyẹn, ó tún lé. Iṣẹ́ oko kì í sì í ṣe ohun tí èèyàn ń dé ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré lójúmọ́. Ẹyẹ ń bọ̀ ní ìdájí nígbà tí ọkà bá ń gbó, ẹran tó fẹ́ bímọ kì í dúró de kí ilẹ̀ mọ́, ajílẹ̀ wúwo lórí, olè náà sì mọ ìgbà tí kò sí èèyàn nítòsí. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà létí oko á yọjú lẹ́ẹ̀mẹrin láìmọ̀ pé iṣẹ́ lòun ń ṣe. Ẹni tó jìnnà á lọ lẹ́ẹ̀kan, nígbà tó bá ṣe, á bẹ̀rẹ̀ sí í fo ọjọ́. Oko tó jìnnà jù ló máa kọ́kọ́ di igbó.

Tàǹsáníà ti rí èyí ní gbangba. Lọ́dún 1967, Ìkéde Arusha sọ Ujamaa, ìyẹn ètò gbígbé àti ṣíṣiṣẹ́ pọ̀ bí ẹbí, di ọ̀nà tí orílẹ̀-èdè náà fẹ́ tọ̀, ẹni tó bá wù ló sì ń kó lọ sí abúlé tuntun nígbà náà. Àmọ́ ní 1973, Ààrẹ Julius Nyerere kéde pé ó ti di dandan fún gbogbo ará ìgbèríko láti máa gbé ní abúlé. Títí di 1976, wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù èèyàn kúrò níbi tí wọ́n wà, a sì rí ibi tí wọ́n ti fipá mú wọn. Ilé-ẹ̀kọ́ pọ̀ sí i lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ọmọ tí ì bá má kàwé ló kàwé, ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ ìtàn yìí láìmẹ́nu kan ìyẹn kò sọ ọ́ tán. Ṣùgbọ́n ẹ̀bá ọ̀nà mọ́tò ni wọ́n to ọ̀pọ̀ abúlé sí, níbi tó rọ ọkọ̀ ìjọba lọ́rùn láti dé, kì í ṣe níbi tí ilẹ̀ ti dára. Ilẹ̀ tó wà nítòsí ilé ṣá torí wọ́n dáko lórí rẹ̀ jù, igi ìdáná tán ní àyíká, oko tó dára sì wà lọ́nà jíjìn. Nígbà tí ìfipá náà rọlẹ̀, àwọn kan padà síbi tí wọ́n ti wá.

Ẹ má rò pé fífi ilé sílẹ̀ lórí oko ni ìdáhùn gbogbo ìgbà. Ẹ wo Nẹ́dálándì. Lọ́dún 1942, ilẹ̀ Noordoostpolder tó wà lábẹ́ omi tẹ́lẹ̀ gbẹ tán, àwọn aṣètò sì ní ilẹ̀ ọ̀fẹ́ tí kò sí àtijọ́ kankan lórí rẹ̀. Wọ́n fi Emmeloord sáàárín, wọ́n to abúlé mẹ́wàá yí i ká, wọ́n sì fi kẹ̀kẹ́ wọn ọ̀nà tó wà láàárín wọn: kí ẹni tó ń gbé lóko tàbí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ má gùn ún jìnnà jù. Àgbẹ̀ wà lórí ilẹ̀ rẹ̀, alágbàṣe àti oníṣòwò wà ní abúlé. Ètò tó mọ́gbọ́n dání ni. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Kátakátá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ alágbàṣe, mọ́tò gbapò kẹ̀kẹ́, àwọn èèyàn ń wakọ̀ gba iwájú ṣọ́ọ̀bù abúlé kọjá lọ sí Emmeloord. Èèyàn tó gbé àwọn abúlé náà kò tó iye tí wọ́n retí. Nígbà tí ilẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Flevoland Ìlà-Oòrùn, gbẹ ní 1957, wọ́n dín iye abúlé kù. Biddinghuizen àti Swifterbant ni wọ́n kọ́, pẹ̀lú Dronten tó jẹ́ ìlú àárín.

Nítorí náà, ìbéèrè tí mo máa bi aṣètò kì í ṣe "báwo ni oko ṣe jìnnà sí?" nìkan. Mo máa bi í pé kí lẹ rò pé wọ́n á máa gùn dé ibẹ̀ ní ogún ọdún sí i, ta ló sì máa lówó epo rẹ̀?

Ọ̀nà kẹta wà tí àwọn ọ́fíìsì kì í fẹ́ràn, torí kò dára lójú nínú àwòrán: agboolé kéékèèké, bíi ilé mẹ́wàá sí ogún, tí ọ̀nà kan so pọ̀, tí ọjà àti ilé ìwòsàn wà ní ọ̀kan nínú wọn.

| | Abúlé kan ṣoṣo | Ilé lórí oko | Agboolé kéékèèké |
|---|---|---|---|
| Omi àti iná | owó rẹ̀ kéré jù | owó rẹ̀ pọ̀ jù | àárín; sólà àti kànga ló bá a mu |
| Ìrìn dé oko | lè jìnnà gan-an | kò sí | ó sábà máa ń mọ níwọ̀n |
| Ilé-ẹ̀kọ́ | ìtòsí | ọmọ ló máa rìn | ìtòsí fún àwọn kan |
| Ẹran ọ̀sìn | ìjà pẹ̀lú aládùúgbò | àyè wà | àyè wà díẹ̀ |
| Ìdánìkanwà | kò wọ́pọ̀ | ewu gidi, pàápàá fún arúgbó | kéré |

Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ni àwọn èèyàn ń fi lọ sóko, tí ètò náà sì máa sọ ìrìn wọn di ohun tó ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, èmi kì í fọwọ́ sí kíkó gbogbo ilé jọ sójú kan, bó ti wù kí páìpù náà kúrú tó. Bí iṣẹ́ tó ń mówó wọlé fún ọ̀pọ̀ ilé kò bá sí lóko mọ́, ìyẹn tí wọ́n ń ṣòwò, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ọwọ́, ẹ kó wọn jọ. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.

Ọ́fíìsì ló yẹ kó ya ètò náà, tàbí àwọn ará abúlé?

Robert Chambers, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ̀wé nípa ìgbèríko, ṣàlàyé bí àwọn àlejò láti ìlú ṣe ń rí abúlé: wọ́n ń lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ọ̀nà gbẹ, wọn kì í jìnnà sí títì ọ̀dà, àwọn ọkùnrin tó lẹ́nu láwùjọ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó bá ṣètò abúlé lẹ́yìn irú ìbẹ̀wò bẹ́ẹ̀ kò tíì rí ẹrẹ̀, ebi àárín ọdún, tàbí opó tó ń gbé lẹ́yìn odò. Àléébù ètò ọ́fíìsì nìyẹn. Àǹfààní rẹ̀ náà wà: ọ́fíìsì mọ ibi tí àgbàrá máa gbà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ó ń wo abúlé mẹ́ta tó ń mu odò kan náà, owó rẹ̀ sì pọ̀.

Ètò àwọn ará abúlé ní àléébù tí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ kì í fẹ́ kéèyàn sọ. Bí wọ́n bá pèpàdé ní aago mẹ́wàá àárọ̀ lásìkò ìgbìn, ta ló máa wá? Àwọn tí kò ní oko láti ro ni. Obìnrin tó ní ọmọ lẹ́yìn wà nídìí iṣẹ́, alágbàṣe wà lóko olóko, ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ò sì jẹ́ sọ̀rọ̀ lójú onílẹ̀ rẹ̀. Ìwé ìpàdé á wá gbé e jáde pé "àwùjọ fọwọ́ sí i." Lọ́dún 1969, Sherry Arnstein, ará Amẹ́ríkà tó kọ̀wé nípa ìṣètò ìlú, ya àkàbà onípele mẹ́jọ láti fi bí ará ìlú ṣe ń kópa nínú ètò hàn, láti orí èyí tí wọ́n kàn ń fọgbọ́n darí wọn dé orí èyí tí àṣẹ wà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ ìpàdé abúlé ò kọjá àárín rẹ̀: ọ́fíìsì gbọ́ wọn, ó sì ṣe ohun tó ti fẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀.

Ìdánwò kan wà tí kò ná ẹnikẹ́ni lówó. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó gbé ètò wá pé: bí a bá ní a ò fẹ́ ẹ, kí ló máa ṣẹlẹ̀? Bí wọn ò bá ní ìdáhùn, ìfọwọ́sí nìkan ni wọ́n wá gbà, ìmọ̀ràn kọ́ ni wọ́n wá gbà. A kì í fárí lẹ́yìn olórí.

Ẹ jẹ́ ká wo Gúúsù Kòríà. Ní ìgbà òtútù 1970 sí 1971, ìjọba Park Chung-hee bẹ̀rẹ̀ ètò Saemaul Undong nípa fífún abúlé 33,267 ní àpò sìmẹ́ǹtì 335 lọ́kọ̀ọ̀kan. Òfin ńlá rẹ̀ ni pé kí wọ́n má pín in fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ gbogbo abúlé ni kí wọ́n fi ṣe, àwọn ará abúlé ló sì máa mú iṣẹ́ náà: afárá, kànga, ọ̀nà tó fẹ̀ sí i. Nígbà tó di ọdún kejì, abúlé tí iṣẹ́ wọn dára, bí ìdajì, gba àpò 500 àti irin tọ́ọ̀nù kan. Àwọn yòókù ò gbà á. Mo fẹ́ràn apá àkọ́kọ́ ètò náà gan-an: nǹkan ìkọ́lé dé, ẹnu sì wà lọ́wọ́ abúlé lórí ohun tí wọ́n fẹ́ fi í ṣe. Ṣùgbọ́n ìjọba afipámúni ló wà níbẹ̀, wọ́n fúngun mọ́ àwọn èèyàn láti ṣí òrùlé koríko wọn, ọ̀pọ̀ ló sì yọ̀ǹda ilẹ̀ fún ọ̀nà láìgba kọ́bọ̀, kì í ṣe gbogbo wọn ló tinú wọn wá. Iye àpò kan náà fún abúlé kékeré àti ńlá kò sì dọ́gba, bó tilẹ̀ jọ pé ó dọ́gba.

Ohun tí mo máa mú: kí owó àti yíyan iṣẹ́ wà lọ́wọ́ abúlé, kí ìwọ̀n àgbàrá, afárá àti omi wà lọ́wọ́ ọ́fíìsì, kí ìpàdé sì wáyé lẹ́ẹ̀mejì lórí ọ̀rọ̀ kan náà, ọ̀kan lálẹ́, ọ̀kan fún àwọn obìnrin nìkan.

Ọ̀nà kọ́kọ́, tàbí omi kọ́kọ́?

Bí owó ò bá tó méjì, àríyànjiyàn ibí yìí ló máa ń gbóná jù. Àwọn ọkùnrin àti ọ̀dọ́ sábà máa ń dìbò fún ọ̀nà. Àwọn tó ń pọnmi ń dìbò fún omi, bí wọ́n bá jẹ́ kí wọ́n dìbò.

Íńdíà bẹ̀rẹ̀ ètò ọ̀nà ìgbèríko ńlá kan, PMGSY, ní ọdún 2000, láti la ọ̀nà dé àwọn ibùgbé tí mọ́tò ò lè dé. Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé méjì, Sam Asher àti Paul Novosad, yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2020. Ohun tí wọ́n rí kọ́kọ́ ya èmi náà lẹ́nu: ọ̀nà mú kí àwọn òṣìṣẹ́ fi oko sílẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ mìíràn lẹ́yìn abúlé, ṣùgbọ́n irè oko àti owó tó ń wọlé fún ilé kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ọ̀nà kò burú o. Ìyá tó ń rọbí lálẹ́ kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ta ètò ọ̀nà fún yín pé oko yín máa so ìlọ́po méjì, ẹ ní kó rọra. Ọ̀nà ń ṣílẹ̀kùn, ẹni tó bá fẹ́ jáde á sì gba ibẹ̀ jáde.

Omi máa ń yí ọjọ́ èèyàn padà ní kíá. Àjọ WHO àti UNICEF fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣe ààlà: bí lílọ, títò sórí ìlà àti bíbọ̀ bá kọjá rẹ̀, wọn ò ka omi náà mọ́ èyí tó bá ìwọ̀n ìpìlẹ̀ mu, bó ti wù kó mọ́ tó. Ẹ fi aago wọ̀n ọ́n ní abúlé yín, ní àárọ̀, nígbà tí ìlà gùn, kí ẹ má wọ̀n ọ́n lọ́sàn-án gangan. Ibi tí omi ti ń já ni kulẹ̀ ni ìtọ́jú. Ìwádìí tó ti jáde lórí ẹ̀rọ omi afọwọ́fà ní ìhà gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà fi hàn pé ní àkókò yòówù téèyàn bá wò wọ́n, bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn ni kò ní máa ṣiṣẹ́. Rọ́bà kékeré kan tó jẹ, ẹni tó lè pààrọ̀ rẹ̀ wà ní ìlú mìíràn, ẹ̀rọ náà á wá dúró síbẹ̀ bí ère. Ẹ̀rọ tó bàjẹ́ ń ba inú jẹ́ ju àìní ẹ̀rọ lọ, torí àwọn èèyàn ti tọ́ ìrọ̀rùn wò.

Omi ni mo máa fi ṣáájú, bí ẹnì kan bá wà lábúlé tó mọ̀ ọ́n tún ṣe, tí àpótí owó ìtọ́jú sì ti wà kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ. Bí méjèèjì ò bá sí, ẹ mú ọ̀nà. Ti iná mànàmáná ò le: ibi tí òpó bá wà nítòsí, ẹ fà á, bó bá jìnnà, ẹ lo sólà.

Oko ńlá díẹ̀, tàbí oko kékeré púpọ̀?

Ọ̀pọ̀ ètò ìgbèríko ò mẹ́nu kan èyí, síbẹ̀ ó ń pinnu bí abúlé á ṣe rí. Lọ́dún 1944, Walter Goldschmidt, onímọ̀ nípa ẹ̀dá èèyàn ọmọ Amẹ́ríkà, fi ìlú méjì wéra ní àfonífojì San Joaquin ní Kalifọ́níà. Iye owó irè oko àwọn méjèèjì kò jìnnà síra. Oko ńláńlá ló yí Arvin ká, oko ìdílé ló yí Dinuba ká. Ilé ìtajà àti okòwò Dinuba fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti Arvin, ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ pọ̀ jù, títì rẹ̀ dára jù. Ní Arvin, alágbàṣe ni ọ̀pọ̀ èèyàn. Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti àṣẹ: àwọn ará Dinuba ń dìbò lórí ọ̀rọ̀ ìlú wọn fúnra wọn, àwọn ará Arvin ń dúró de ohun tí ìjọba kááńtì, ìyẹn ìjọba àgbègbè náà, bá sọ. Àwọn kan takò ó pé Dinuba ti dàgbà ju Arvin lọ, pé kò yẹ kéèyàn fi ọmọdé wé àgbà. Àtakò náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò pa èsì náà run.

Bí ètò tí wọ́n gbé wá bá ní kí ilé-iṣẹ́ ńlá kan gba ilẹ̀ kó sì gba yín síṣẹ́, ẹ má wo owó oṣù nìkan. Ẹ béèrè ibi tí èrè máa lọ, àti ẹni tó máa jókòó nínú ìgbìmọ̀ abúlé nígbà tí kò sí onílẹ̀ mọ́.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó tẹ́ wọn lọ́rùn?

Ohun èlò mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni àkàbà tí Hadley Cantril, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá, gbé jáde ní 1965: kí èèyàn fojú inú wo àkàbà kan tí 0 jẹ́ ayé tó burú jù tó lè gbé, tí 10 jẹ́ èyí tó dára jù, kó sì sọ ibi tó wà. Ìbéèrè kan ni, ẹni tí kò mọ̀wé lè dáhùn rẹ̀, kò sì gba àkókò. Ìkejì ni gbólóhùn márùn-ún lórí bí ayé ẹni ṣe tẹ́ni lọ́rùn tó, tí Ed Diener, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní 1985. Èèyàn ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 1 sí 7, àròpọ̀ ń lọ láti 5 dé 35, 20 sì ni agbedeméjì. Ó jinlẹ̀ ju àkàbà lọ, àmọ́ irú àwọn gbólóhùn yẹn máa ń rú àgbàlagbà lójú bí ẹni tó ń kà á bá ń kánjú. Ìkẹta ni bíbéèrè ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: omi ńkọ́, ọ̀nà ńkọ́, ilẹ̀ ńkọ́, ààbò ńkọ́, àwọn aládùúgbò ńkọ́?

Bó bá jẹ́ torí ètò lẹ ṣe fẹ́ mọ̀, ìkẹta ni kẹ́ ẹ mú. Àkàbà á sọ fún yín pé inú wọn ò dùn, kò ní sọ ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀. Ẹ lè fi àkàbà kún un ní ìparí, kẹ́ ẹ lè fi ọdún kan wé èkejì.

Ẹ ṣọ́ra fún èsì tó ga jù. Amartya Sen, onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ọmọ Íńdíà, ti tẹnu mọ́ ọn pé ẹni tí ìyà ti jẹ pẹ́ máa ń dín ohun tó ń retí kù. Á ní "a dúpẹ́" torí kò rò pé nǹkan lè dára ju báyìí lọ. Nítorí náà, ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe pẹ̀lú ohun tí wọ́n ń rò: ìṣẹ́jú ìpọnmi, iye ìgbà tí wọ́n lọ sóko lọ́sẹ̀, bóyá wọ́n fẹ́ kí ọmọ wọn máa gbé níbẹ̀. Ẹ béèrè kí ètò tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀, ní àsìkò kan náà nínú ọdún, torí èsì ìgbà ìkórè kò ní jọ ti ìgbà tí àká ṣófo. Kí ọ̀dọ́ dáhùn fúnra rẹ̀, kí bàbá rẹ̀ má gba ẹnu rẹ̀ sọ.

Àwọn kan sì wà tí ìwádìí kì í dé ọ̀dọ̀ wọn: àwọn tó ti kó kúrò. Bí ẹ bá ka ẹni tó ṣẹ́ kù nìkan, ìtẹ́lọ́rùn á máa ga sí i lọ́dọọdún, torí ẹni tí kò tẹ́ lọ́rùn ti lọ. Nọ́ńbà fóònù wọn ò ṣòro rí, àwọn ẹbí wọn ní in. Ẹ pè wọ́n, ẹ béèrè ohun tí ì bá mú kí wọ́n dúró, kẹ́ ẹ sì kọ ìdáhùn wọn sí òpó tirẹ̀ nínú ìwé náà, kó má wọnú ti àwọn tó wà nílé.